Ta Ló Lè Kọ́ Ijó? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkàwé

Nínú àtẹ̀jáde tó ṣáájú èyí, a bi ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ń gbé ní Àbújá àti káàkiri Òkè-Ọya pé kí ló ń dí yín lọ́wọ́ láti kọ́ ijó, yálà ijó ìbílẹ̀ wa tàbí ti àwọn ẹlòmíì. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju àyè tí a ní lọ, nítorí náà a yan àwọn tí ọ̀rọ̀ inú wọn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Ohun kan hàn sí mi nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn: ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ẹnìkan ní ọjọ́ orí òun ni, òmíràn ní àpò òun ni, òmíràn ní etí ọmọ òun ni. Èrò tèmi, tí ẹ ó sì bá pàdé nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, ni pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ kíláàsì wò kí a tó yẹ ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ijó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ kò jẹ́ kí n ráyè kọ́ ọ. Ní báyìí tí àyè yọ, orúnkún ń dùn mí, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n lọ mú ọmọ-ọmọ mi wá. Àwọn ọmọ tèmi náà ní kí n má lọ dójú ti àwọn. Ṣé ó ti pẹ́ jù ni? (Bàbá àgbà, Kubwa)

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ jù. Ohun tó ti pẹ́ ni kí ẹ máa fò sókè bí ọmọ ogún ọdún tó ń jó bàtá lójú agbo, ẹ̀yin fúnra yín kò sì béèrè ìyẹn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni ọgọ́rin ọdún ń jó níbi oyè jíjẹ, ọba pàápàá ń jó lọ́jọ́ ọdún, kò sì sí ẹni tó ń ní kí wọ́n lọ mú ọmọ-ọmọ wọn wá. Òde àríyá ti gba àgbà láyè tipẹ́. Kíláàsì tí a ń sanwó fún ni ó wá ń ṣe bíi pé ọ̀dọ́ nìkan ni Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ, kí ẹ lè rí nǹkan fi dá àwọn ọmọ lóhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò le jù, kí ó sì máa ṣe ohun tó ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin àti láti lágbára, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó má baà máa ṣubú. Ijó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ti ń gbé ìwúwo ara láti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ti òsì, tí ẹ ń yí, tí ẹ sì ń dúró nígbà tí ìlù bá já, àwọn iṣan tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìṣubú gan-an ni ẹ ń lò. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí kan ní New York gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, lórí àgbàlagbà 469 tó ti ju ọdún 75 lọ, tí wọ́n ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo eré ìdárayá tí wọ́n yẹ̀ wò, ijó nìkan ni wọ́n rí i pé ó bá kí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó má tètè mú ènìyàn rìn. Èyí kò fi hàn pé ijó ni oògùn àrùn náà, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé ló ń ráyè lọ sí òde ijó. Síbẹ̀ ó bọ́gbọ́n mu, torí pé ẹni tó ń jó ń rántí ìgbésẹ̀, ó ń gbọ́ ìlù, ó sì ń ṣọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Brooklyn, ní ìlú New York kan náà, ẹgbẹ́ oníjó Mark Morris ti ń kọ́ àwọn tó ní àìsàn Parkinson ní ijó láti ọdún 2001, àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Orúnkún yín kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ní ti bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi tó dókítà yín létí, ẹ má sì torí ijó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé dùndún ni ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí bàtá ṣì dúró ná. Bàtá yára, ó ń fẹ́ kí a máa ju èjìká kí a sì máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní wéréwéré; dùndún ní ìfarabalẹ̀, ènìyàn lè fi èjìká àti ìgbésẹ̀ kéékèèké jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí iyì rẹ̀ kò sì ní dín kù. Ijó wa fẹ́ kí á tẹ orúnkún kí á sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ tẹ orúnkún náà ní ìwọ̀nba, ẹ má ṣe lóṣòó, ẹ má ṣe fò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ tẹ orí wálẹ̀ kí ó sì gbé e sókè lójijì, nítorí òòyì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ jókòó sórí àga tí kò ní táyà, kí ẹ máa fi ọwọ́, ọrùn àti ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀lé ìlù títí ara yóò fi gbóná. Bí ẹ bá ń jó tí ẹ kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, ẹ dẹwọ́. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ dúró, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí kò ń yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ sì sá fún ilẹ̀ onítáìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, nígbà tí ooru Àbújá ń mú jù, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ yàn.

Ẹ fún mi láyè kí n bá olùkọ́ yẹn sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó máa ka ojú ewé yìí. Kò pọn dandan kí o yà wọ́n sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlù kan náà, gbólóhùn ijó kan náà, ni o lè kọ́ ní ìpele mẹ́ta: ti ẹni tó jókòó, ti ẹni tó dúró sójú kan, àti ti ẹni tó ń rìn kiri ilẹ̀. Kí o fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú yan èyí tí ara rẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ bákan náà.

Ní ti àwọn ọmọ yín, bàbá, àwọn tó ń pariwo ìtìjú yìí ni yóò kọ́kọ́ gbé fóònù sókè láti ya yín lọ́jọ́ tí ẹ bá jó.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọpọlọ pípé o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, wọ́n sì ń jó láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Mo wádìí níbì kan láàárín ìlú, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan lóṣù kọjá agbára mi, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ láti Mararaba àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó wà lójú ọ̀nà Nyanya. Ṣé ọmọ olówó nìkan ni ijó kíkọ́ wà fún ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Mararaba)

Ìdáhùn: Màmá, mo mọ ojú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì jókòó sínú ọkọ̀ láti lọ jó fún wákàtí kan ti lo agbára rẹ̀ tán kí ó tó débẹ̀, ọmọdé sì ni yóò kọ́kọ́ sú. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì wá sí àdúgbò yín.

Ohun tí ijó ń fẹ́ kéré sí ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tó gùn ní mítà mẹ́jọ tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́fà yóò gba ọmọ méjìlá láìforíkora, bí a bá ka àyè mítà méjì sí mítà méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-ìwé aládàáni tó sún mọ́ yín, òfo ló sì máa ń wà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ lọ bá ẹni tó ni ilé-ìwé náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ó gbá a, ẹ ó to àga padà, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tó bá fẹ́ náà yóò sì wọlé. Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀ ló ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí wọ́n sì ń tì í pa ní ọjọ́ yòókù. Mi ò tíì rí ìdí tí ẹgbẹ́ tó ń sọ ní gbogbo ìpàdé pé àṣà ń kú lọ yóò fi kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọdé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fẹ́ jó.

Olùkọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ sanwó fún, kò sí bí a ṣe lè yí i. Àwọn oníjó ti gbọ́ “ẹ wá ràn wá lọ́wọ́” tó, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í pẹ́ nídìí kíláàsì ọ̀fẹ́. Ọ̀nà tó dára ni kí òbí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dá owó jọ fún olùkọ́ kan, kí ẹni tó ní jù san díẹ̀ sí i, kí ẹni tí kò ní san díẹ̀ tàbí kí ó máa wá ṣe àmójútó àwọn ọmọ dípò owó, kí ó sì jẹ́ pé akápò nìkan ni yóò mọ iye tí oníkálukú san. Orin lè ti inú fóònù wá, bí ìlù kan bá sì wà, ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ wo Leap of Dance Academy tí Daniel Owoseni Ajala dá sílẹ̀ ní ọdún 2017 ní Ajangbadi, ní Èkó. Ijó ballet, tí gbogbo ayé kà sí ijó ọmọ olówó, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò náà lọ́fẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti inú fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé. Ní ọdún 2020, fídíò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń jó lẹ́sẹ̀ lásán nínú òjò, lórí ilẹ̀ oní-sìmẹ́ǹtì tó ti fọ́, tàn ká ayé, ọmọ náà sì rí àǹfààní lọ kọ́ ijó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò sọ pé kí ẹ máa retí fídíò. Mo ń sọ pé ilẹ̀ tó fọ́ yẹn ni kíláàsì.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: kí àgbàlagbà méjì ó kéré tán máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí olùkọ́ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àwòrán ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ òbí.

Ìbéèrè: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, adití ni. Bí ó bá rí àwọn tó ń jó ní ilé ìnáwó, yóò bọ́ sáàárín wọn, yóò sì máa jó, àmọ́ àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ìlù mu. Olùkọ́ ijó kan ní òun kò lè kọ́ ẹni tí kò gbọ́ orin. Ṣé òótọ́ ni? (Bàbá ọlọ́mọ kan, Kàdúná)

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́, ọ̀gá mi. Ìlù kì í gba etí nìkan wọ ara. Ẹ mú ọmọ yín lọ bá onílù, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ bẹ̀ǹbẹ́ tàbí ìlù ńlá mìíràn nígbà tí wọ́n ń lù ú, ẹ ó sì rí ohun tí ojú rẹ̀ yóò sọ. Ìlù tí ohùn rẹ̀ wúwo ń mi igi, ó ń mi àyà, ó sì ń mi àtẹ́lẹsẹ̀. Ilẹ̀ oní-sìmẹ́ǹtì máa ń pa ìmìtìtì yìí, pákó ni ó ń gbé e kiri. Nítorí náà bí káfíńtà bá lè kan pẹpẹ pákó tó fẹ̀ díẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo, tí a gbé sípíkà tàbí ìlù lé orí rẹ̀ níbi tí ọmọ náà dúró sí láìwọ bàtà, yóò máa fi ẹsẹ̀ gbọ́ orin.

Ìyókù wà lọ́wọ́ olùkọ́. Kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Kí ó máa fi ìka ka iye, kí ó gbé apá sókè láti fi hàn pé ìlù fẹ́ já, kí onílù dúró síbi tí ọmọ náà yóò ti máa rí ọwọ́ rẹ̀, kí iná yàrá sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí olùkọ́ kò bá gbọ́ èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ, kí ọmọ yín kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ bíi ogún tí wọn yóò máa lò jù: ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, yí, dúró, tún un ṣe, ó dára. Gbogbo kíláàsì ni kó kọ́ ọ, nítorí pé bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń gba àmì nígbà tí àwọn yòókù ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ṣì dá nìkan wà. Fún ọmọ tí kò ríran, òdìkejì rẹ̀ ni: kí olùkọ́ máa fi ẹnu ṣàpèjúwe gbogbo ìgbésẹ̀, kí ó sì gba ọmọ náà láyè, lẹ́yìn tí ó bá ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́, láti fọwọ́ kan èjìká àti ìbàdí olùkọ́ kí ọmọ náà lè mọ bí ara ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ yìí ti ní ìtàn. Ní ọdún 1991, Celeste Dandeker àti Adam Benjamin dá ẹgbẹ́ oníjó Candoco sílẹ̀ ní London, níbi tí àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn tí ara wọn pé ti ń jó pa pọ̀ lórí ìtàgé kan náà. Dandeker fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjó tó fara pa lórí ìtàgé, tó sì ti ń lo àga onítáyà láti ìgbà náà. Ní ilé wa níbí, òfin tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀ léèwọ̀ ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọlé, ọdún márùn-ún náà sì ti pé. Olùkọ́ tó ń lé ọmọ yín padà yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ní gbọ̀ngàn yóò ní àtúnṣe wọ́n. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 kò fẹ́ ju pákó líle kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180, tí a dá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí a sì kàn mọ́lẹ̀ kí ó má yẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà méjìlá ní gígùn fún ẹyọ kan ní gíga ni ìṣirò rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò yóò ṣe é láàárín ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm. Mùsùlùmí ni mí, ìyàwó ilé, mo sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìbímọ yìí ara mi wúwo, mo sì fẹ́ máa jó kí ara mi lè padà fúyẹ́. Ọkọ mi kò ta kò ó, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọkùnrin máa wò mí, èmi náà kò sì fẹ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo tí a rí ní àdúgbò jẹ́ ọkùnrin. (Ìyàwó ilé, Sabon Gari, Kánò)

Ìdáhùn: Wa àlékùm sàlámù, àǹtí. Èmi kì í ṣe ààfáà, nítorí náà ibi tí ẹ̀sìn fi ààlà sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ààfáà yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé obìnrin tó ń jó láàárín obìnrin kò ṣàjèjì ní Kánò rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò yín tó jẹ́ Háúsá bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéyàwó nínú ilé, nígbà tí ọkùnrin kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá obìnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ lo pálọ̀ ọ̀kan nínú yín tàbí yàrá ilé-kéwú lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, kí ẹ ta kọ́tìnì, kí fóònù gbogbo yín sì wà nínú agbọ̀n kan lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju kọ́tìnì lọ. Ẹ yan orin wákà tàbí sẹ̀nwẹ̀lẹ̀ ti àwọn ará Ìlọrin bí ọ̀rọ̀ inú orin mìíràn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Bí obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ kò bá sí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù nínú yín yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa yí ipò náà ká. Kíláàsì púpọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ láìní olùkọ́ gidi. Ẹ gbé ọmọ yín dání, kí ìyá àgbà kan jókòó tì wọ́n. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fò tàbí kí ẹ tó yí ìbàdí gidigidi, pàápàá bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà.

Àwọn Krìstẹ́nì kan kọ irú lẹ́tà yìí sí wa, wọ́n ní pásítọ̀ wọn kò fẹ́ bàtá nítorí Ṣàngó. Òótọ́ ni pé ìlù bàtá wà nínú bíbọ Ṣàngó àti nínú eré egúngún, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́ fún òbí. Kí ó ṣàlàyé ibi tí ijó náà ti wá, kí ó kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀ rẹ̀ láìfi oríkì òrìṣà sí i, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á kọ́ ijó mìíràn lọ́jọ́ náà láìṣe ẹlẹ́yà.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Yorùbá ni bàbá mi, Berom ni màmá mi, Jos ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá díẹ̀, Háúsá ni mo ń sọ jù, àbúrò bàbá mi ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ kọ́ ijó dùndún, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ kò lè jó o dáadáa. (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Jos)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i sódì. Ohùn mẹ́ta tí èdè Yorùbá ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ni ìyáàlù ń fi awọ àti okùn rẹ̀ pè. Ẹni tó gbọ́ èdè yóò dá onílù lóhùn ní kíákíá, yóò rẹ́rìn-ín níbi tí ìlù bá ti dápàárá, yóò tẹríba níbi tí ìlù bá ti kí i. Ìwọ náà lè kọ́ èyí, ijó sì ni ọ̀nà tó yára jù láti kọ́ ọ. Mú gbólóhùn kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Mú “Ẹ kú àbọ̀”: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Fi ẹnu sọ ọ́, fi ọwọ́ pa á lórí tábìlì, lẹ́yìn náà fi ìgbésẹ̀ kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ara ga díẹ̀ fún ohùn òkè, kí orúnkún sì tẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí onílù bá wá lù ú láìsọ fún ọ, ara rẹ yóò mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ rẹ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Àbújá kò gbọ́ ìlù jù ọ́ lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi orúkọ Yorùbá yangàn.

Má sì jẹ́ kí ijó àwọn ẹbí màmá rẹ sọnù nítorí èyí. Láti ọdún 1970 ni NAFEST, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti gbogbo Nàìjíríà, ti ń kó àwọn oníjó láti ìpínlẹ̀ gbogbo jọ, ẹni tó sì mọ ijó méjì máa ń wúlò níbẹ̀ ju ẹni tó mọ ẹyọ kan lọ. Bí o bá fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́, Fásitì Jos tó wà nílùú yín ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà, bẹ́ẹ̀ ni Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, Fásitì Àbújá àti Fásitì Ìlọrin. Ìlọrin ni èmi yóò yàn fún ọ bí ó bá jẹ́ pé dùndún ló wà lọ́kàn rẹ, nítorí pé lẹ́yìn kíláàsì, onílù wà nígboro.

Ìbéèrè: Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ijó wà nínú iṣẹ́ Cultural and Creative Arts tí mo ń kọ́, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọmọ ló wà nínú yàrá kan, kò sí ìlù, kò sì sí àyè. Orí pátákó ni mo ń kọ ijó sí, wọ́n sì ń dà á kọ. (Olùkọ́ kan, Lugbe)

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, tíṣà. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: kí ogún máa pàtẹ́wọ́, kí ogún máa kọrin, kí ogún tó kù máa jó láàárín àga àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ipò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ìlù yín. Ẹ lo eré òṣùpá tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ní kékeré, kí ọmọ Gbagyi, ọmọ Tiv àti ọmọ Ìgbò tó wà níbẹ̀ náà sì mú tiwọn wá láti ilé. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, ẹ má fi í fún ẹni tó mọ ijó í jó jù. Ẹ fi fún ọmọ tó lè kọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní ariwo yín pọ̀, ẹ gbé iṣẹ́ náà sí wákàtí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó tú ilé-ìwé ká fún Jímọ́ọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ kankan ń sọ tẹ́lẹ̀.